Lẹ́tà Méjì Tó Kù Sí Mi Lẹ́nu

Ògiri ilé gíga kan ní Dùgbẹ̀ ni mo máa ń kọjú sí tí mo bá fẹ́ bá bàbá kan tó ń gbé ní Àpáta sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò rò pé mo ṣìnà, nítorí Àpáta kò sí lápá ibẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n òkè dábùú àárín ilé wa ní Bódìjà àti ilé wọn, ìgbì rédíò tí à ń lò nínú ìdíje wa kì í sì í gun òkè. Bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ló ṣe ń rìn. Tí nǹkan bá dí i, ó parí. Bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé tí àwa méjèèjì bá kọjú áńtẹ́nà sí ògiri yẹn, ohùn mi yóò lọ bá a, yóò ta padà, yóò sì bọ́ sílé wọn. Wọ́n ní, "Máa wo ilé yẹn bí ẹni ń wo dígí. Èmi ni wàá rí níbẹ̀."

Iṣẹ́ tẹlifóònù ni bàbá ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ò kàwé jìnnà, ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta wáyà àti gílóòbù ní Ṣàngó ni a ti pàdé. Wọ́n wá ra wáyà, wọ́n rí rédíò àtijọ́ kan tí mo ń tú wò, wọ́n fa àga, wọ́n sì jókòó. Àwọn ló ní kí n lọ gba ìwé àṣẹ ìjọba kí n tó fọwọ́ kan máìkì. Àwọn ló mú mi wọ inú ìdíje.

Ìdíje wa kò gùn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó bẹ̀rẹ̀ oṣù ni, láàrin aago mẹ́rin sí mẹ́fà, ìwọ̀nba àwa tí a wà ní Ìbàdàn àti ìlú tó yí i ká ló sì ń ṣe é. O ó pe ẹnì kejì, ẹ ó sọ bí ẹ ṣe gbọ́ ara yín sí, ẹ ó fún ara yín ní nọ́ńbà, ìyẹn iye ìpè tí kálukú ti ṣe, ẹ ó sọ ibi tí ẹ wà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni orí ìdíje náà, torí bí ohùn bá ṣe rìn jìnnà tó ni a fi ń ka máàkì. A kì í dárúkọ àdúgbò. Wọ́n ti pín gbogbo ayé sí àpótí àpótí, lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà méjì sì ni orúkọ àpótí kọ̀ọ̀kan. Àpótí tiwa tóbi, ó gba Ìbàdàn, ó gba Abẹ́òkúta, àyè ṣì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n tí o bá fi lẹ́tà méjì mìíràn kún un, ibi tó ń tọ́ka sí á kéré títí á fi ku àdúgbò bíi mélòó kan. Láìsí lẹ́tà méjì yẹn, a kì í ka ìpè náà.

Ohun tó kọ́kọ́ ń bá wa jà ni ìkíni. Ìdíje tó yẹ kéèyàn máa sáré nínú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ nọ́ńbà lu àgbà láìkí i? N ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá, àwọn náà á béèrè ìyàwó mi àti àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àkókò á ti lọ. Obìnrin kan wà ní Abẹ́òkúta, olùkọ́ ni, kì í gbà fún wa. Lọ́jọ́ kan ó já lu ọ̀rọ̀ wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, tẹ́ ẹ bá ti kí ara yín dé orí ewúrẹ́ ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ránṣẹ́ sí mi." Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti pa á láṣẹ pé kí gbogbo wa máa kí ara wa tán kí aago mẹ́rin tó lù. Tí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ẹni tó bá kí ènìyàn láàrin rẹ̀, á jẹ́ pé nǹkan ti dé.

Mo fẹ́ràn wákàtí méjì yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. N ó dúró ní ẹ̀yìnkùlé, n ó fi ọwọ́ yí òpó irin tí áńtẹ́nà wà lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òrùn á máa wọ̀ lórí páànù Ṣàngó. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, àfi lójijì, bí ẹni ṣílẹ̀kùn, ohùn ènìyàn á jáde.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jí mi gbé. Mo ń ti ibi ìsìnkú kan bọ̀, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti dá wa dúró. N kò ní sọ púpọ̀ nípa inú igbó. Mo padà wá. Àwọn kan tí a jọ wà níbẹ̀ kò padà. Èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi ni pé ọ̀kan nínú àwọn tó jí wa gbé jókòó tì mí, ó sì ń júwe ilé mi fún mi: géètì dúdú, igi máńgòrò, òpó irin gogoro tó yọ lẹ́yìn ilé. Kò pariwo. Bí ìgbà téèyàn ń júwe ọ̀nà fún àlejò ló ṣe sọ ọ́. Títí dòní n kò mọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni tó bá gba àdúgbò wa kọjá lè rí gbogbo rẹ̀, ó sì lè má kan rédíò rárá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, tí ènìyàn bá bi mí pé níbo ni mo wà, n kì í lè sọ ọ́. Oníbàárà á pè mí, á ní ṣé mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. N ó ní mo wà nítòsí.

Kí n tó dé ni ìyàwó mi ti ní kí wọ́n wó òpó náà. Ó fi aṣọ wé rédíò, ó gbé e sí abẹ́ ibùsùn. Nígbà tí ara mi balẹ̀ díẹ̀ tí mo béèrè rẹ̀, ó gbé e fún mi fúnra rẹ̀. "Dádì, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é," ló wí. "Àmọ́ ẹ má sọ ibi tá a wà fún ẹnikẹ́ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń gbọ́ tí kì í fèsì. Lọ́jọ́ ìdíje, n ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, n ó fi ọwọ́ di áńtẹ́nà kékeré kan mú, n ó kọjú rẹ̀ sí Dùgbẹ̀. N ó gbọ́ obìnrin Abẹ́òkúta tó ń fi àwọn tó kù ṣẹ̀fẹ̀. N ó gbọ́ bàbá. Tí wọ́n bá ti pe gbogbo èèyàn tán, wọ́n á pe èmi náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dúró, wọ́n á sì máa lọ. Wọn kò bi mí léèrè rí, kódà nígbà tí wọ́n wá wò mí nílé. Oṣù ń gorí oṣù, ohùn wọn ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà tí wọ́n ń kí ara wọn kí aago mẹ́rin tó lù, obìnrin Abẹ́òkúta sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ bàbá ti dé láti òkè òkun, ó fẹ́ kó wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdíje ọjọ́ náà ni wọn yóò ṣe kẹ́yìn ní Àpáta. Mo fa máìkì súnmọ́ ọ̀dọ̀ mi. Tí n kò bá dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà, n kò mọ ìgbà tí n ó tún rí ọ̀nà dá wọn lóhùn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdíje parí, wọ́n pè mí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n dúró. Wọ́n wá ṣe ohun tí àwọn fúnra wọn ti kà léèwọ̀.

"O kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Mo kàn ń kí ọ ni. Mi ò béèrè ibi tó o wà."

Mo tẹ bọ́tìnnì máìkì, torí láìtẹ̀ ẹ́ ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ mi. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń bẹ, ìrìn ni ò sí. Wọ́n béèrè ìyàwó mi, wọ́n béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Àkókò ìdíje ń lọ, obìnrin Abẹ́òkúta kò sì já lu ọ̀rọ̀ wa. Mo wá sọ bí mo ṣe gbọ́ wọn sí, mo fún wọn ní nọ́ńbà, mo pe lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà méjì ti àpótí ńlá wa. Mo ya ẹnu láti pe lẹ́tà méjì tó kù. Ọkọ̀ kan dẹwọ́ eré níwájú géètì wa. Ọkọ̀ náà kọjá lọ, ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti yípo ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti kúrò lórí bọ́tìnnì.

"Mo gbọ́ ọ," ni bàbá wí. "Mo gbọ́ ọ dáadáa. Èyí tó kù, fi pamọ́."

A kò ka ìpè náà. Bàbá ti bá ọmọ wọn lọ báyìí, wọ́n ti ti ilé wọn ní Àpáta pa. Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó bá bẹ̀rẹ̀ oṣù, mo ṣì máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, n ó kọjú sí ògiri yẹn. Nígbà mìíràn mo máa ń dá obìnrin Abẹ́òkúta lóhùn, n ó sọ ìwọ̀n tí mo lè sọ, òun náà á ní òun ti gbọ́. Tí aago mẹ́fà bá lù tí gbogbo wọn sì ti pa tiwọn, n ó gbé máìkì súnmọ́ ẹnu, n ó pe lẹ́tà méjì tó kù síta, kedere. Ọwọ́ mi kì í sí lórí bọ́tìnnì.