Ọkọ̀ Tí Kì Í Gbóná

Òórùn ọ́ìlì jíjóná ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì kan ní Igbó-Elérin. Ti rọ́bà tí oòrùn ti yan á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ti ẹ̀wà tí obìnrin kan máa ń sè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ibẹ̀. Ilẹ̀ ọgbà náà dúdú, ó sì le gbagidi, nítorí ọdún púpọ̀ ni ọ́ìlì ti ń kán sí i. Ibẹ̀ ni bàbá tó ń tún ọkọ̀ mi ṣe máa ń jókòó, lórí àga tí wọ́n yọ lára bọ́ọ̀sì àtijọ́, fìlà funfun lórí, tẹ̀sùbáà lọ́rùn ọwọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi tọ́jú ọkọ̀ mi àtijọ́, ọkọ̀ náà kò sì já mi sílẹ̀ sójú títì lọ́jọ́ kan. Nítorí pé yunifásítì ni mo ti ń kọ́ni, tí mo sì ti gboyè ọ̀mọ̀wé, "Dókítà" ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ká ṣòkòtò sókè kí n lè bá wọn wo orúnkún tó ń ro wọ́n, kí n tó rí ọ̀nà ṣàlàyé pé ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ ni mo kà.

Ó yẹ kí o mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn eré sísá. Àmọ́ nígbà tí mo pé ọdún márùndínláàádọ́ta, nǹkan kan ṣàdédé wọ̀ mí lórí. Mo ta ọkọ̀ àtijọ́ náà, mo ní ọkọ̀ sálúùnù tòkunbọ̀ tó lè sáré ni mo fẹ́, èyí tí ènìyàn yóò tẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ àga. Ọdún náà ni wọ́n fi ẹni tí mo kọ́ níwèé ṣe olórí ẹ̀ka wa, ìyàwó mi sì gbà pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀. Ohun tí mo rántí ni pé ó wò mí láti òkè délẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, ó ní, "Níbo lẹ ti fẹ́ sá eré ọ̀hún, Dádì? Ṣé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyánà-Ìbá níbí ni?" Mo rẹ́rìn-ín.

Ibi tí orí mi ti kọ́kọ́ dàrú ni ọ̀rọ̀ epo. Ṣé èyí tó ń lo dísù ni kí n rà ni, àbí oníbẹntiróò? Akẹgbẹ́ mi kan tó gbé tirẹ̀ bọ̀ láti ìlú òyìnbó sọ fún mi pé, "Dísù ni kó o rà jàre. Ó lágbára, kì í sì í mu epo." Mo gbà á gbọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo dé Igbó-Elérin, bàbá kàn mi orí ni. Wọ́n ní, "Dókítà, dísù tí wọ́n ń tà níhìn-ín dọ̀tí. Asẹ́ kan wà nínú sálẹ́ńsà àwọn ọkọ̀ tuntun yẹn, tó bá ti dí, ẹ ó máa wá mi kiri ni." Mo tún gba àwọn náà gbọ́. Mo délé, mo ka oríṣiríṣi nǹkan lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí. Ẹni tó bá yin èyí lónìí, ẹlòmíràn á bú u lọ́la. Mo ti tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà lórí bí wọ́n ṣe lè mọ ẹ̀rí tó dúró yàtọ̀ sí èyí tó mẹ́hẹ, àmọ́ n kò lè mọ ẹni tí mo máa gbọ́ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lásán.

Èmi àti bàbá la jọ lọ sí ọgbà ibi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì Badagry. Méjì ni mo ti ṣà sọ́tọ̀: dúdú kan tó ń lo dísù, àti eléérú kan tó ń lo bẹntiróò, tó ní tọ́bò tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i. Ọkùnrin tó ń tà wọ́n kò ràn mí lọ́wọ́ rárá. "Èyí tí ọkàn yín bá ti fẹ́, ọ̀gá mi, ó dáa." Bàbá sún mọ́ ọkọ̀. Wọ́n ní kó tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé ẹnu sukurudiráfà gígùn kan lé orí irin rẹ̀, wọ́n sì fi etí ti ìdí rẹ̀, wọ́n dijú kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Wọ́n pẹ́ nídìí ti dúdú náà kí wọ́n tó mi orí. Nígbà tí wọ́n kan eléérú, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ẹ́ńjìnnì yìí ò tíì jìyà." Bí mo ṣe rà á nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo kà kò ràn mí lọ́wọ́ tó etí bàbá yẹn.

Ó yẹ kí ó tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti kà á pé irú ọkọ̀ náà lè sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Wọ́n júwe ọkùnrin Ìgbò kan fún mi ní Ajangbadi, tó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, tó ń fi kọ̀ǹpútà tún ọkọ̀ ṣe. Ajangbadi náà ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì já gaara ju ti àwọn ọmọ tèmi lọ. Ó pààrọ̀ sálẹ́ńsà sí èyí tó fẹ̀, ó ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ó wá so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà láti yí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń wọn epo padà. "Prof, ẹ lọ test am," ó ní. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà o." Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá, wọ́n ní, "Ọkọ̀ tó bá ń sáré máa ń gbóná o, Dókítà." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e gba ọ̀nà tó lọ sí Ìgàǹdó, ìyàwó mi jókòó ti mí. Ojú ọ̀nà dá. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ilẹ̀kùn mú gírígírí, èmi sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n gbé sọ sókè. Inú mi dùn gan-an, n kò ní purọ́ fún ọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wá ohun tí mo gbàgbé sílé kí n lè padà wa ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì. Láti ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ náà ti yí padà. Iná ẹ́ńjìnnì tàn níwájú mi, kò kú mọ́. Òórùn bẹntiróò tútù ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, epo tó yẹ kó gbé mi dé ìparí ọ̀sẹ̀ tán lọ́jọ́rú, agbára tó ní sì ti dínkù. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó kò gun òkè, ó kàn ń gbọ̀n nísàlẹ̀. Mo bi bàbá léèrè. Wọ́n ní ọ́ìlì làwọn pààrọ̀, àti pé kọ̀ǹpútà yẹn náà ni kí n lọ bi. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí létí. Ta ni mo tún fẹ́ fura sí? Ẹni ọdún mọ́kànlá ni, àbí ẹni ọ̀sẹ̀ méjì?

Mo gba Ajangbadi lọ pẹ̀lú ìbínú. Oníbàárà mẹ́ta ló dúró nínú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, n kò sì dúró kí wọ́n lọ. Mo ní ó ti ba ọkọ̀ mi jẹ́, mo ní gbájúẹ̀ ni. Ó dìde lórí àga rẹ̀. Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà, ó wa á yí àdúgbò ká, ó sì padà wá bi mí pé, "Prof, ta ló yọ tẹmosítáàtì yín?" Ó ṣàlàyé pé nǹkan kékeré kan ni, tó máa ń dí ojú ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa. Tí wọ́n bá yọ ọ́, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á rò pé òtútù ṣì ń mú ẹ́ńjìnnì, á wá máa da epo sí i láìdáwọ́ dúró. Mo ní kò sẹ́ni tó yọ nǹkan kan. Mo yíjú sí àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní, "Ẹ gbọ́ irọ́ tó ń pa kó lè bọ́!" Ọ̀kan nínú wọn mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà fi ojú sìn ín títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló ń tì mí lójú jù lọ.

Igbó-Elérin ni mo gbà lọ tààrà, kí bàbá lè wá jẹ́rìí mi. Kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, wọ́n ti na ọwọ́ sínú dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n sì mú nǹkan kan jáde tí wọ́n fi ọ̀rá wé. "Ẹ wò ó, mo gbàgbé láti fún yín. Ẹrù oníbàárà kì í sọnù lọ́dọ̀ mi." Wọ́n ti nù ún mọ́ tónítóní. Ẹ̀rù ló ti bà wọ́n pé ọkọ̀ tó ń sáré bẹ́ẹ̀ yóò gbóná jù, ni wọ́n bá yọ tẹmosítáàtì rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, wọn kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ náà. Wọn kò sọ ọ́ fún mi rí, nítorí pé gbogbo ọkọ̀ tó bá ti òkun bọ̀ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Lójú wọn, kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn nu gíláàsì. "Ìlú òtútù ló nílò ìyẹn, Dókítà. Ti ọkọ̀ yín àtijọ́, èmi náà ni mo yọ ọ́. Ṣé ó gbóná rí?" Kò gbóná rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní irú kọ̀ǹpútà tí èyí ní nínú. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá náà lọ́wọ́. Ẹni tí mo pè ní òpùrọ́ kò purọ́, bàbá náà kò sì purọ́. Àánú mi ló ṣe wọ́n. N kò mọ ibi tí mo máa gbé ìbínú mi sí mọ́.

Ọjọ́ kejì ni mo padà sí Ajangbadi. Òjò ń rọ̀, kò sí oníbàárà kankan, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé ìdí tí mo fi yan àkókò náà nìyẹn. Mo tọrọ àforíjì pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "No wahala, Prof. Ó ti tán," ó ní, ṣùgbọ́n kò gbé ojú sókè lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ní kó bá mi dá tẹmosítáàtì náà padà. Ó kọ̀. "Bàbá yẹn ló yọ ọ́, àwọn náà ni kó dá a padà. Èmi á wá, màá wá fi hàn wọ́n."

Ó wá lóòótọ́. Ó wa ọkọ̀ náà, bàbá jókòó sí iwájú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan wọn, èmi wà lẹ́yìn. A lọ dé Ìyánà-Ìbá, a sì padà. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ti yára ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ń já wálẹ̀. Nígbà tí a dé, bàbá fi ọwọ́ ara wọn dá tẹmosítáàtì náà padà, a tún gba ọ̀nà náà. Nọ́ńbà ọ̀hún gun àádọ́ta, ó gun àádọ́rin, ó dé àádọ́rùn-ún, ó sì dúró síbẹ̀. Bàbá ń wò ó bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. A wọ inú ọgbà padà. Nígbà tó yá, wọ́n bi ọkùnrin náà pé, "Àwọn tí mo ti yọ tiwọn ńkọ́?" Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ọgbà kún, tí gbogbo mẹkáníìkì ibẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, bàbá dìde lórí àga wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Mo ti ń yọ ohun tí kò yẹ kí n yọ nínú àwọn ọkọ̀ tuntun yìí. Mo ṣì í ṣe ni. Ẹni tí mo bá yọ tirẹ̀, kó gbé e wá, màá dá a padà lọ́fẹ̀ẹ́." Àwọn mẹkáníìkì kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ti dé. Oníbàárà kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn níṣojú wọn. Bàbá jókòó padà, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n sì pe ẹni tó kàn. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú ń tì mí. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà nílé ẹ̀kọ́, ẹ̀rù irú ohun tí wọ́n ṣe yẹn ló sì mú mi dúró de òjò kí n tó tọrọ àforíjì.

Oṣù méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn kí n tó lè lọ sí Ajangbadi. Ọ̀sán Sátidé ni mo lọ, nígbà tí mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà á kún. Mo dúró láàárín wọn, mo sọ ọ́ sókè pé mo parọ́ mọ́ ọkùnrin yìí níbí, pé iṣẹ́ rẹ̀ dára, pé èmi ni mo ṣẹ̀. Wọ́n ń wò mí tìyanu-tìyanu. Ọ̀kan bi ẹnìkejì rẹ̀ bóyá ara mi yá. Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé, "Ẹ ṣeun, Prof. Àmọ́ àwọn tó gbọ́ tọjọ́ yẹn ò sí níbí."

Ọkọ̀ eléérú náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń gbóná bó ṣe yẹ. N kò tíì mọ ibi tí mo fẹ́ sá eré lọ. Ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí mi báyìí, níbi iṣẹ́ tàbí nílé, mo máa ń kọ́kọ́ wo àwọn tó dúró tì wá, nítorí mo mọ̀ pé mo lè má rí wọn mọ́ láti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ níwájú wọn.