Ìdérí Gọ́tà Jórinjórin

Ọdún mẹ́ta gbáko ni jórinjórin kan fi ń wo pákó jíjẹrà tó wà lórí gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Orí pákó yẹn ni ìyá rẹ̀, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ń gbà bọ́ sí títì lójoojúmọ́. Irin tó lè fi ṣe ìdérí wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba ìbílẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gọ́tà ìjọba, àfi tí ìpàdé wọ́ọ̀dù bá dìbò sí i. Jórinjórin kì í sì í rú òfin.

Ló bá ń lọ sípàdé. Òpópónà kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tó ń fẹ́, wọ́n á ka ọwọ́, ohun kan péré ló sì ń wọlé lọ́dún. Ilé mọ́kànlá péré ló wà ní òpópónà tiwọn. Ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ àdúgbò lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Lọ́dún àkọ́kọ́, iná ojú títì ló wọlé. Lọ́dún kejì, iná náà tún ni, torí ti àkọ́kọ́ ti kú. Àwọn ará ìsàlẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú o. Wọn kò mọ ìyá rẹ̀ ni.

Ó kọ̀wé sí aṣojú wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Oṣù márùn-ún kọjá kí èsì tó dé: aṣojú dúpẹ́ pé inú wọn dùn sí òrùlé tuntun ilé ìwé wọn.

“Òrùlé wo?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

“Ìyá mi, ẹ bá mi bi í! Àwọn tó ń ṣojú fún ti pọ̀ jù, kò mọ èwo ni tiwa.”

“Ìwọ lo sì ní kí n lọ tò nínú oòrùn láti dìbò fún un, ọkọ mi.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, pákó dá. Àwọn aládùúgbò ló bá a fa ìyá jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí. Jórinjórin kọrí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, irin ti wà lórí gọ́tà.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ fi dé pẹ̀lú fáìlì. Láti ọdún mẹ́ta, òun lẹni àkọ́kọ́ tó wá.

“Ọ̀gá, ta ló fún yín láṣẹ? Ẹ yọ ọ́ kíá!”

Ìyá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sórí irin náà, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ wíwú.

“Ẹ má bínú, sà,” ni jórinjórin wí. “Mo ti rú òfin lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní rú u lẹ́ẹ̀kejì. Gọ́tà ìjọba ni, a kì í fọwọ́ kàn án láìdìbò. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé. Tí wọ́n bá ní kí n yọ ọ́, màá yọ ọ́.”

Òṣìṣẹ́ náà ṣí fáìlì, ó pa á dé, ó mí kanlẹ̀.

“Ìpàdé tọdún yìí ti kún. Ọ̀rọ̀ iná ojú títì ni.”

“Ó dáa náà,” ni ìyá wí. “A ó máa retí yín.”