Erùpẹ̀ Tí Ràṣídà Bù

Ọjọ́ tí mo pe Ràṣídà àbúrò mi ní olè nítorí géèmù ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Mo wà ní yunifásítì nígbà náà, à ń gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aṣọ bàbá wa ní àdúgbò Hausari.

Nínú géèmù náà, rọ́kẹ́ẹ̀tì la fi ń wá máàkì ìwádìí, máàkì la sì fi ń gba ẹ́ńjìnnì tó lágbára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni rọ́kẹ́ẹ̀tì tèmi ti já lulẹ̀ lọ́nà òṣùpá. Nígbà tí mo kírun àìlá dé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, máàkì Ràṣídà ti ju tèmi lọ, bẹ́ẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tíì gbéra rí.

"Máàkì ta lo jí?" Mo já kọ̀ǹpútà gbà, mo tú u wò fínnífínní.

Ó bú sẹ́kún. "Wallahi, bùrọ̀dá, mi ò jalè. Mọ́tò ni mo fi yí pápá rọ́kẹ́ẹ̀tì ká, mò ń bu erùpẹ̀. Ibi tuntun kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tirẹ̀. Ṣebí Bàbá máa ń wo gbogbo ṣọ́ọ̀bù Hausari tán kí wọ́n tó lọ rajà ní Kano?"

Mo dán an wò. Máàkì wọlé lóòótọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá wọlé, á rọra pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé.