Obìnrin tí Mo Pè ní Ẹ̀rọ

"Kọ́kọ́ kí ará ilé ná."

Odidi ọdún méjì ni ọ̀rọ̀ yìí fi ń bí mi nínú. Orí fóònù la ti ń ṣe eré náà, àwa ọmọ Yorùbá tó wà káàkiri Accra: à ń kọ ìtàn ìlú kan pọ̀, kálukú sì ní ẹni tó ń ṣe nínú ẹ̀. Bí o bá já wọ ilé onílé nínú ìtàn láìkí wọn, ohun tó máa jáde nìyẹn, idà rẹ ò sì ní gé nǹkan kan. A gbà pé ẹ̀rọ ni. Èmi á kí ará ilé tipátipá, màá sì bú ẹ̀rọ náà: "Ẹ̀rọ òpònú!"

Lọ́jọ́ kan ní Circle, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù l'Accra, mo sáré wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Ìyá kan ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ fóònù, bírò há sínú gèlè rẹ̀, ìwé àjákọ wà lórí itan.

"Ẹ fún mi ní ṣájà."

Kò tiẹ̀ wò mí. "Kọ́kọ́ kí ará ilé ná."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ṣé ẹ̀yin ni? Ṣebí ẹ̀rọ ni?"

"Àwọn tó ni eré náà gbé ẹ̀rọ síbẹ̀ rí. Bí ẹ kí i, bí ẹ bú u, bákan náà ló ń ṣe. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́, mo sì bọ́ sípò ẹ̀. Kí lorúkọ tìẹ nínú eré?"

Mo sọ ọ́. Ó ṣí ìwé náà, ó sì yí i sí mi. Orúkọ gbogbo wa ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọgbẹ́ tí kálukú ti gbà nínú eré. Níwájú tèmi, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Kò kí èmi rí."