Oúnjẹ Kílókànyín, Ajá Àǹtí Nùsírátù

Àǹtí Nùsírátù, àbúrò ìyá mi, kò fẹ́ràn ajá. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ ọ. Bó bá sì ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ báyìí, á na ọwọ́ mú ọ̀pá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìjókòó rẹ̀, á máa fi họ ajá rẹ̀ lẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí ajá á fi dijú. Ọ̀pá yẹn ò níṣẹ́ míì. Àǹtí kì í fọwọ́ kan ajá nítorí àlùwàlá, ṣùgbọ́n ó ní òun ò tíì gbọ́ ibi tí Ààfáà kankan ti sọ pé kéèyàn má fi ọ̀pá kàn án.

Ajah la wà, lápá ọ̀sà, ní nǹkan bí ọdún 1977. Títì ọlọ́dà ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ń wọ̀ tó bá fẹ́ lọ sí Èkó. Ọkọ Àǹtí ti kú, Tájù ọmọ rẹ̀ sì ń ṣe mẹkáníìkì ní Mushin, ọdún Iléyá ló sábà máa ń wá kí i. Epo àgbọn ni Àǹtí ń ṣe tà. Èmi ni mò ń bá a họ àgbọn, nítorí náà èmi ni mo máa ń gbọ́ gbogbo irọ́ tó ń pa nípa ajá yẹn.

"Nítorí olè ni mo ṣe gbà á."

"Olè wo, Àǹtí? Kí lolè fẹ́ gbé níbí? Àgbọn? Nílùú tí igi àgbọn ti pọ̀ ju èèyàn lọ?"

"Olè tó bá rí ẹnu tìẹ ni kó gbé e lọ, Mùínàt. Ara á tù mí."

Orúkọ tó sọ ajá náà ni Kílókànyín. Àwọn ará àdúgbò ló fi dá lóhùn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n ní kí ló dé tí kò lọ bá Tájù ní Mushin. Nígbà tó wá gba ajá, wọ́n ní irú obìnrin wo ló ń kírun tó tún ń sin ajá. Àǹtí ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, á figbe ta, "Kílókànyín o! Kílókànyín!" Ajá á sáré wá, àwọn tó ń kọjá á sì gba ọ̀nà wọn lọ kíá.

Ọwọ́ Bàbá Odùbánjọ ló ti gbà á. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilẹ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n ni Bàbá yìí, abo ajá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í bímọ tí kò dára. Bàbá kì í ta ọmọ ajá. Á fún ọ ni, ṣùgbọ́n á kìlọ̀ fún ọ pé òun ń bọ̀ wá wò ó, àti pé lọ́jọ́ tí òun bá rí eegun ìhà rẹ̀, òun á fokùn sí i lọ́rùn, òun á mú un padà lọ sílé ìyá rẹ̀. Ẹ má rò pé ó ń ṣeré. Sìlífátù, tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, gba ajá lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ojú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni Bàbá ti wá mú ajá náà lọ, kò tiẹ̀ gba omi mu.

Nígbà ọyẹ́, Bàbá ń kọjá lọ sọ́jà, ló bá rí Kílókànyín tó nà sílẹ̀ lábẹ́ igi.

"Nùsírá," ó ní, "ṣé ajá nìyí àbí àkàbà? Ó kù díẹ̀ kí n gùn ún."

"Ó ń jẹun, Bàbá."

"Kí ló ń jẹ?"

"Ẹ̀bà. Ohun tí a bá jẹ kù."

"Ẹ̀bà ń wú u níkùn, kò dé ìhà. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tó ṣì rí báyìí, mò ń mú un lọ."

"Ẹ mú un lọ. Ta ló fẹ́ràn ajá?"

Bàbá bá tirẹ̀ lọ. Àǹtí jókòó, ó ń họ àgbọn, ó họ ọ́ títí tó fi ń họ èèpo rẹ̀ mọ́ ọn. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá oúnjẹ tó dára tí apá òun á ká. Èérí àgbọn ló kọ́kọ́ fún un, ìyẹn èyí tó ń kù lẹ́yìn tí a bá ti fún omi àgbọn jáde láti fi se epo. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì pọ̀. Ajá jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀, irun rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń ṣí. Kò sí ibi tí èèyàn lè tẹ̀ lágbàlá tán. Àǹtí lọ sọ́dọ̀ alápatà fún eegun, alápatà ní ìgbà tí òun ń ju eegun nù ti kọjá, àwọn olóúnjẹ ti ń rà á. Tájù wá láti Mushin, ó gbé oúnjẹ inú agolo dání, èyí tí wọ́n ń tà fún ajá àwọn òyìnbó. Kílókànyín lá a tán kí Tájù tó nàró, ó wá ń wo ojú Tájù bóyá ìyókù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí béèrè iye tó rà á. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó jókòó.

"Tájù, nígbà tí mo bí ọ, ṣé inú agolo lo ti ń jẹun?"

A lọ bá Sìlífátù fún orí ẹja. Ẹ̀rín ló ń rín. "Orí ẹja kẹ̀? Orí ẹja lèmi gan-an ń jẹ, Ìyá Tájù. Ẹ yáa dá ajá Bàbá padà fún un, kó má baà wá dójú tì yín bó ṣe dójú tì mí."

Bí a ṣe ń padà sílé, Àǹtí ò sọ̀rọ̀. Èmi tí mi ò lè rí ẹni tó dákẹ́ kí n má yọ ọ́ lẹ́nu, mo ní, "Àǹtí, ó ku ọ̀nà kan. Ẹ lọ bá wọn fa àwọ̀n lókun."

Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe o. Ẹni tó bá mọ Àǹtí á mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ọmọ ọ̀sà ni, ó sanra dáadáa, ẹ̀rù òkun sì ń bà á débi pé kì í fẹ́ gbọ́ ariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Òkun Ajah, níbi tí Ọ̀gá Kàsímù ti ń da àwọ̀n, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ọkọ̀ á gbé àwọ̀n wọ inú òkun láàárọ̀, á mú orí okùn méjèèjì wá sí etí omi, àwọn èèyàn á wá máa fà á. Ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn kí àpò àwọ̀n tó yọ lójú omi ní ìpín nínú ẹja. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ mú owó wá.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó jí, ẹnìkan ti ń fa aṣọ lára mi. Àǹtí ló dúró, ó ti di ìró mọ́ra gírígírí. "Dìde. Ìwọ lo lanu sọ ọ́."

Nígbà tí a débẹ̀, Ọ̀gá Kàsímù rí wa lókèèrè. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ ló sanra. "Ìyá, ẹ tètè dé! A ò tíì ní ẹja tí a máa tà."

"Mi ò wá rà. Mo wá fà á ni."

Àwọn géńdé tó wà nídìí okùn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí wọ́n so Ìyá mọ́ okùn, kí òkun lè mọ̀ pé àgbà dé.

"Kí lẹ fẹ́ fi ẹja ṣe, Ìyá?" Kàsímù béèrè.

"Kílókànyín ni."

Ojú Kàsímù yí padà. Mo yára ṣàlàyé pé orúkọ ajá ni, ajá ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ìyẹn ló wá pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù. Ṣùgbọ́n Àǹtí ti di okùn mú. Nígbà tí ìgbì kọ́kọ́ fa àwọ̀n sẹ́yìn, ó fìdí jókòó sórí iyanrìn, ó sì kọ̀, kò ju okùn sílẹ̀. Okùn dúró gbọn-in. Gbogbo ìlà tó wà níwájú rẹ̀ rí i pé àwọ̀n ò lè sá padà mọ́.

"Ẹ fi Ìyá síbẹ̀ yẹn o!" Kàsímù pariwo. "Kí ẹnikẹ́ni má gbé e dìde!"

Bí Àǹtí ṣe di ẹni ìdí okùn nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti da àwọ̀n ló ń lọ, á jókòó tì í, á máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ṣáwá ni wọ́n ń fún un, pẹ̀lú àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí àwọn tó ń ta ẹja ò fẹ́ rà. Kàsímù tún máa ń fi jàrá sí i.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ò dára. Àǹtí da gbogbo ẹja pọ̀, ó bọ̀ ọ́ gààràgà, ó gbé e fún ajá. Ẹja kan tí eegun rẹ̀ le bí abẹ́rẹ́ wà nínú wọn, ló bá há Kílókànyín lọ́fun. Ajá ń wúkọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ ha ẹnu, itọ́ ń dà. Mo ń wá ọ̀pá kiri, nítorí mo rò pé ọ̀pá ni Àǹtí máa ní kí n mú wá. Kí n tó yíjú padà, Àǹtí ti kúnlẹ̀, ó ti ya ẹnu ajá, ó ti ki ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn ọwọ́. Ó yọ eegun náà. Lẹ́yìn náà ló lọ fi iyẹ̀pẹ̀ àti omi fọ ọwọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé kéú. Ó fọ̀ ọ́ pẹ́ gan-an. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, ṣáwá nìkan ló ń ṣà fún un. Á bọ̀ ọ́ títí eegun á fi rọ̀ tí á ṣeé fọwọ́ tẹ̀, kò ní fi ata sí i, kò ní fi iyọ̀ sí i. Á wá po èérí ọkà mọ́ ọn àti èérí àgbọn díẹ̀, ìwọ̀nba tí kò ní ṣí i nínú. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ṣáwá, á yan án gbẹ, á gún un, á sẹ́ ẹ, á rọ ọ́ sínú ìgò ńlá kan tó ní ìdérí, á gbé e sórí fèrèsé. Odó rẹ̀ yàtọ̀, ṣíbí rẹ̀ yàtọ̀, kó má baà sí pé nǹkan ajá kan nǹkan wa. Mo ní, "Àǹtí, nǹkan ajá ti wá mọ́ ju tiwa lọ." Ó sọ èèpo àgbọn lù mí.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ọjọ́ kejì ni Bàbá Odùbánjọ dé, okùn tuntun wà lápò rẹ̀, orí okùn náà ń yọ síta. Àǹtí ń kírun alásárì lọ́wọ́ nínú yàrá. Bàbá ti fẹsẹ̀ rìn láti Igbó Ẹfọ̀n, ebi ń pa á, ni mo bá bu gààrí àti omi tútù fún un.

"Gààrí lásán, Mùínàt? Kí ló wà nínú ìgò yẹn?"

"Ẹja ni, Bàbá. Ṣáwá gígún."

Ṣé irọ́ ni? Bàbá na ọwọ́ gbé e, ó bù ú sórí gààrí. Ó tọ́ ọ wò, ó tún bù ú. "Ẹni tó yan ẹja yìí mọ̀ ọ́n yan," ó ní. "Kò sí eegun, kò sí iyanrìn." Èmi ń wo òrùlé.

Kílókànyín wọlé wá ń ju ìrù. Bàbá gbé abọ́ sí orúnkún, ó fọwọ́ òsì tẹ ajá níhà, ó tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó wo eyín rẹ̀. Eegun ìhà kankan ò yọ. Àmọ́ okùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àǹtí jáde pẹ̀lú tẹsíbíyù lọ́wọ́, ó rí okùn yẹn, ó dúró.

"Ó ti sanra, Nùsírá," Bàbá wí. "Mi ò purọ́. Wọ́n sọ fún mi pé ẹja Kàsímù ló ń jẹ, ṣùgbọ́n òjò ti dé. Tí òkun bá ru, Kàsímù ò ní da àwọ̀n. Kí ni yóò máa jẹ nígbà náà? Ẹ̀bà? Jẹ́ kí n mú un lọ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá."

Mo ń retí pé Àǹtí á ní kó mú un lọ, ta ló fẹ́ràn ajá. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò mú un lọ síbì kankan, Bàbá. Ajá mi ni. Mo ti tọ́jú oúnjẹ òjò rẹ̀ sílẹ̀."

"Níbo?"

"Ìgò tó wà níwájú yín yẹn."

Bàbá wo ìgò. Ó wo inú abọ́. Ó wá wo èmi, ó wò mí pẹ́. Àǹtí náà rí gààrí, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé ajá ti fẹnu kàn án?" Bàbá rọra béèrè.

"Àgbẹdọ̀! Kò tiẹ̀ mọ ibi tí mò ń gbé e sí. Bí mo ṣe gún un ni mo ṣe dé e."

Bàbá tún wo abọ́. Ẹnu rẹ̀ ṣì kún, kò sì lè tu ohun tó ti yìn. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Ó ku iyọ̀," ó ní.

"Iyọ̀ ò dára fún ajá, Bàbá."

Ó ká okùn rẹ̀, ó tì í bọ àpò pátápátá débi pé kò yọ síta mọ́. Ó mu gààrí tó kù, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní kí Àǹtí bu díẹ̀ sínú bébà fún òun, kí òun mú un lọ fún ìyá ajá ní Igbó Ẹfọ̀n.

Àǹtí bù ú, ó pọ̀ dáadáa, ó wá bu iyọ̀ sínú bébà míì, ó fi lé e.