Ariwo Bíréèkì Tí Mo Torí Ẹ̀ Dá Bàbá Mi Dúró

Bàbá mi fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé iyè wọn ti ń ra. Nínú ọyẹ́ ọdún kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n dé ojú títì, wọn kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́, ilé tí wọ́n ti ń gbé kí wọ́n tó bí mi. Aládùúgbò kan ló mú wọn wálé. Wọ́n ní kí n jókòó.

"Gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ yìí," wọ́n ní. "Yàrá tí a sin ìyá mi sí ti wó, wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Èmi nìkan ló kù láyé tó mọ ojú ibẹ̀. Mo fẹ́ fi hàn ọ́ kí n tó gbàgbé."

Mo ní kò burú, a ó lọ lọ́jọ́ Sátidé.

Ní Ọjọ́rú mo gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi ní Bukuru, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, pé kó pààrọ̀ páàdì bíréèkì iwájú, torí ọ̀nà náà jìn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ Du, ìlú kan nítòsí ibẹ̀, ni ọkùnrin náà, ọwọ́ ẹ̀ mọ́ nídìí iṣẹ́, Haúsá la jọ máa ń sọ. Nígbà tó tú páàdì àtijọ́, ó bá páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìpẹtà ti bò wọ́n. Ó fẹ́ ha ìpẹtà náà kúrò kó sì dá wọn padà. Èmi tí mo kàwé, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, mo ní rárá, ta ló ń fi àkísà lẹ aṣọ tuntun? Mo gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ ẹ̀, mo jù wọ́n sí gọ́tà.

Ní ìkóríta àkọ́kọ́, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ han gooro bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀ mú. Nígbà tí mo fi dé Bauchi Road, níbi tí à ń gbé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń di etí, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo padà sí Bukuru lọ́jọ́ kejì. Mẹkáníìkì wa ọkọ̀ náà sáré, ó tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ dúró gbọn-in. "Ọ̀gá," ó ní, "birki yana kamawa, kuka ne kawai." Bíréèkì mú dáadáa, igbe lásán ló ń ké, kí n máa lọ. Bàbá mi náà bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé ó ń dúró bí o bá tẹ̀ ẹ́?" Mo ní ó ń dúró.

"Ká máa lọ nígbà náà."

Mi ò lọ. Ojú ló ń tì mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sókè Ọya á mọ ohun tí mò ń wí. A kì í kàn ṣàdédé wọ ìlú. Bí ọdún bá ń parí lọ tí a ń lọ sílé, a ó kọ́kọ́ dúró létí odò, a ó fọ ọkọ̀, a ó pààrọ̀ aṣọ, kí ará ilé má baà sọ pé ìyà ló ń jẹ wá lọ́hùn-ún. Wọ́n kúkú ti ń fi Yorùbá ẹnu wa ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n tún wá gbé ọkọ̀ tó ń han wọ agboolé? Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ méjì di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. A fi bébà oníyanrìn ha ojú páàdì, ó dákẹ́ fún àárọ̀ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. A fi fáìlì rẹ́ etí rẹ̀. A fi bẹntiróòlù fọ irin roboto tí páàdì ń fún mú. Mo ra páàdì mìíràn, òun náà ké.

Ní gbogbo Sátidé ni Bàbá ń bá mi lọ sí Bukuru, wọ́n á ti wọ aṣọ ìrìn àjò, wọ́n á rò pé ọjọ́ lílọ ti pé. Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n bínú sí mi. Ní ìkejì, wọ́n ń ka orúkọ àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n ka Ìlọrin lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìkẹta, bí a ti jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n wò mí títí, wọ́n wá fi pẹ̀lẹ́tù bi mí pé ta ló ni ọkọ̀ yẹn. Síbẹ̀, mi ò gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Mo ní ó ku díẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá àwáwí fún ara mi, mi ò sì rí.

Mẹkáníìkì ló wá rántí páànù. Ó ní páàdì ló ń gbọ̀n mọ́ irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, gbígbọ̀n ọ̀hún ló ń di igbe, páànù yẹn ló yẹ kó wà láàárín wọn. Kò mẹ́nu kan ẹni tó jù ú nù. Ó gé agolo mílíìkì, ó lù ú pẹlẹbẹ, ó fi gírísì díẹ̀ pa á, ó tì í bọ ẹ̀yìn páàdì. Kò tó wákàtí kan. Mo wa ọkọ̀ jáde, mo tẹ bíréèkì, kẹ́kẹ́ pa. Inú mi dùn, òmùgọ̀ ni mí.

A gbéra lọ́jọ́ kejì, a sùn lọ́nà, a wọ agboolé lọ́sàn-án. Kò sẹ́ni níta àfi ìyàwó ilé kan tó ń yan gàrí, kò sì gbójú sókè wo ọkọ̀ wa. Mo di Bàbá lọ́wọ́ mú lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ̀gẹ́ ti ga níbẹ̀ láti ògiri dé ògiri.

"Bàbá, níbo ni Ìyá wà?"

Wọ́n wo ẹ̀gẹ́, wọ́n wò mí. Mo tún bi wọ́n. Mo tọ́ka síhìn-ín, mo tọ́ka sọ́hùn-ún, mo ń bẹ̀ wọ́n bí ẹní ń bẹ ọmọdé. Wọ́n rọra gba ọwọ́ wọn lọ́wọ́ mi.

"Malam," wọ́n ní, bí a ti ń pe ọkùnrin tí a kò mọ̀ rí ní Jọ́ọ̀sì, "mu koma gida." Ká padà sílé, ni wọ́n ń wí.

Wọ́n yí padà, wọ́n ń lọ sídìí ọkọ̀. Èmi dúró láàárín ẹ̀gẹ́, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ẹsẹ̀ lé láì tẹ ìyá wọn mọ́lẹ̀.