Àwọn Àmì Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé Ọmọ Mi

“Ẹ̀yin òbí wa, ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ yẹ ìwé àwọn ọmọ yín wò. Ojú ìwé tí kò bá mọ́, ẹ rí i pé wọ́n tún un kọ, kí ẹ sì ya ti àtijọ́ dànù.”

Ìkìlọ̀ yìí wọlé sórí fóònù mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, láti orí ìkànnì àwọn òbí ilé ẹ̀kọ́ tí àbígbẹ̀yìn mi ń lọ. Òbí mẹ́rìnlá ti dáhùn “a dúpẹ́” kí n tó kà á tán. Èmi ò dáhùn. Mo ti ṣe ohun tí wọ́n ní ká ṣe yẹn rí, ní ọdún méjì sẹ́yìn, fún àkọ́bí mi obìnrin. Mo fẹ́ kọ bó ṣe rí sílẹ̀, láì bù mọ́ ọn, láì yọ níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ páálí kan ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn páálí: gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀, gíga rẹ̀. Bó bá fi mìlímítà méjì yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ fún wa, mo máa ń dá a padà. Girama ni mo kà dé. Olùkọ́ ìṣirò wa nígbà náà máa ń gba nóòtì wa yẹ̀ wò, èyí tí kò bá mọ́, á fi bírò pupa fa ìlà sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Látìgbà náà ni ìwé tó rí jákujàku ti máa ń já mi láyà.

Nígbà náà, ọmọ mi wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní kákúlọ́ọ̀sì. Oríṣi rẹ̀ tí ohun tó ń yí padà nínú rẹ̀ ti ju ẹyọ kan lọ ni ọmọ mi fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ wọn kò gbà wọ́n, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níta ló máa ń dúró sí. Wọ́n wá sọ fún un pé bó bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, á kúrò ní ẹ̀ka ẹnjiníà. Ibi tó ti ń wá ọ̀nà àbáyọ ló ti rí yunifásítì kan ní òkè òkun tó gbé fídíò gbogbo ẹ̀kọ́ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Fóònù rẹ̀ kò láàyè púpọ̀. Á wa ẹ̀kọ́ kan jáde sórí rẹ̀, á wò ó, á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, á pa á rẹ́ kó lè rí àyè fún òmíràn.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ló máa ń wò ó, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo máa ń jókòó tì í. Kí n má purọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ohùn ọkùnrin àjèjì nínú yàrá mi ní ìdájí, mo fẹ́ mọ ohun tó ń bá ọmọ mi sọ.

“Mọ́mì, ẹ̀ ń ṣọ́ mi ni?”

“Mo ń gbọ́ òyìnbó ni.”

“Bàbá yìí ti darúgbó o. Ẹ wo orí rẹ̀, irun kan ò sí níbẹ̀.”

“Àwọn tó pá lórí gan-an ló yẹ kéèyàn máa bẹ̀rù.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti dá fídíò náà dúró. Ó wá bi mí pé, “Níbi iṣẹ́ yín, ibo ló gbóná jù?”

“Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń lẹ páálí.”

“Tí ẹ bá ti ibẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan?”

“Ooru á dín kù.”

“Tí ẹ bá padà síbi tí ẹ wà, tí ẹ wá yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń di ẹrù ńkọ́?”

“Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.”

“Mọ́mì, ẹ ti ṣe é nìyẹn! Ohun tí bàbá yìí ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Ẹ yí ẹyọ kan padà, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.”

Lọ́jọ́ yẹn, níbi iṣẹ́, mo dúró ti ẹ̀rọ náà, mo gbé ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, mo padà, mo gbé ẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí bóyá ijó ni mò ń kọ́. Inú mi dùn gan-an. Bóyá ìdùnnú yẹn ló jẹ́ kí n rò pé mo ti mọ nǹkan.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́fà, ọmọ mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ méjì láti parí ìforúkọsílẹ̀. Èmi ò sì lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ méjèèjì. Mo ṣí ìwé rẹ̀. Kò mọ́ rárá. Ó kọ ọ́ kọjá ìlà, ó kọ ọ́ sí etí ìwé. Lẹ́tà “d” rẹ̀ tẹ orí sẹ́yìn bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Àwọn lẹ́tà kan sì wà tó fi ọfà kékeré sí lórí, àwọn mìíràn dé fìlà ṣóńṣó.

Mo ronú sí i, mi ò kàn ṣe é bẹ́ẹ̀. Yorùbá ni mo mọ̀ tó ń fi àmì sórí lẹ́tà, mo sì mọ àmì ohùn fi sí dáadáa. Èdè òyìnbó kò ní àmì ohùn. Mo ní ọwọ́ ọmọ yìí ló ń ṣeré nígbà tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ẹ̀kọ́, bí àwọn kan ṣe máa ń ya òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Mo ra ìwé tuntun. Mo fi rúlà fa ìlà sí etí rẹ̀, mo fi bírò pupa kọ àkọlé, mo fi búlúù kọ ìyókù. Mo na ọrùn gbogbo “d”. Mo yọ gbogbo ọfà àti fìlà. Ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kò sí ibi tí mo ti pa nǹkan rẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo kó ìwé àtijọ́ fún ìyá tó ń din àkàrà ní ẹnu àdúgbò wa, kó máa fi dì í.

Nígbà tí ọmọ mi dé, tí mo gbé ìwé tuntun náà fún un, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣé, ẹ ṣé, ó ṣí ìwé náà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

“Mọ́mì, àwọn ọfà mi dà?”

“Mo yọ wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì kì í lo àmì ohùn.”

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Mọ́mì, tí mo bá kọ e, k, o, tí mi ò fi àmì kankan sí i, tí mo ní òun ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín, kí lẹ máa fún mi? Ṣé ẹ̀kọ́ ni, àbí ẹ̀kọ, àbí Èkó?”

Mo tẹjú mọ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Tí wọ́n bá ní kí ẹ rin ogún ẹsẹ̀ láti ibùdókọ̀ Bọ́ládé, ṣé ọ̀nà Múṣin lẹ máa kọjú sí ni, àbí ọ̀nà Agége? Ọfà yẹn ló ń sọ ọ́. Èyí tí kò ní ọfà, iye lásán ni.” Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. “‘D’ méjì ló wà níbí tẹ́lẹ̀. Èyí tó tẹ orí sẹ́yìn ló ń sọ pé ẹyọ kan ni mo yí padà, tí mo fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ ti sọ wọ́n di ọ̀kan.” Ó gbé ojú sókè. “Ìwé mi dà?”

A sáré lọ bá alákàrà.

“Ó ti tán láàárọ̀ yìí, Àǹtí,” ló wí. “Ìwé yẹn dáa, kì í jẹ́ kí epo jò. Ẹ ò tún ní òmíràn?”

“Ìṣirò mi ni, mà,” ni ọmọ mi sọ.

“Yéè! Gbogbo àdúgbò ti jẹ ìṣirò mọ́ àkàrà nìyẹn.” Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó rí ojú wa. Ó wá tú abẹ́ tábìlì rẹ̀, ó rí ewé mẹ́ta fún wa.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Àwọn ẹ̀kọ́ tó lè tún wà jáde kò ju márùn-ún lọ. Èyí tó kù, ó ń fi orí rántí rẹ̀. Ibi tó bá dá a lójú, á fi bírò pupa dá ọfà padà, ibi tí kò bá dá a lójú, á fi pẹ́ńsù sí i. Nígbà tí mo yọjú wò ó ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ti pẹ́ńsù pọ̀ ju ti pupa lọ.

Máàkì mẹ́tàdínlógójì ló gbà. Ogójì ni wọ́n fi ń yege.

Kò sọ pé èmi ni. Ó ní, “Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ti dà á pọ̀ nítorí ìyẹn, Mọ́mì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀.” Mo bi í pé máàkì mélòó ni ìbéèrè náà. Ó ní mẹ́wàá. Mo mọ ìyọkúrò.

Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ó ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ nílé mọ́. Bó bá ń lọ sí kànga lásán, báàgì rẹ̀ á wà léjìká rẹ̀.

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń wo àwọn fídíò náà fúnra mi, bí a bá gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Mo ti dé ẹ̀kọ́ kẹtàdínlógún. Ẹ̀kọ́ kìíní gan-an ni bàbá náà ti ṣàlàyé ọfà orí lẹ́tà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yà á kó lè hàn kedere. Mo wà níbẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ tí ọmọ mi wò ó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Òun ni mò ń ṣọ́. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń kàwé: kí ẹ tó tún ohunkóhun kọ fún un, ẹ pè é, kó ka ojú ìwé kan sí yín létí, kó sọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan wà fún. Bí kò bá sí nílé, ẹ dúró dè é.